Inú Ewé Ló Wà

   Ẹ̀yin ará Èjìgbò, ilé Ògìyán, ẹ kú àárọ̀. Ifẹ̀-Ọdán ńkọ́? Ìlawó ńkọ́? Màsífà, Ìsúndúnrin, ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Abidjan, tí ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù, bọ́njúù o! Ilé ò gbàgbé yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú. Ó kéré débi pé àgbẹ̀ lè dàgbà, kó darúgbó, kó má fojú kàn án rí, bẹ́ẹ̀ inú oko rẹ̀ ni nǹkan náà ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti já ewé tòmátì rí, tí ẹ rí i pé ibì kan lára rẹ̀ ti funfun, tó fẹ́lẹ́, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara? Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ ò kan ihò. Awọ òkè ewé wà níbẹ̀. Awọ ìsàlẹ̀ ewé wà níbẹ̀. Àárín ni kò sí mọ́. Ta ló kó àárín lọ?

Àfòpiná ni. Kì í ṣe èyí ńlá tó máa ń ya wọlé lálẹ́, tó ń forí gbá gílóòbù kiri. Èyí kéré gan-an. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 sí 7 lọ. Kò kún èékánná ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín. Àwọ̀ eérú ló ní, pẹ̀lú tóótòòtó dúdú lára ìyẹ́. Lọ́sàn-án, ó ń sá pamọ́ sáàrin ewé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó jáde. Àgbẹ̀ ti lọ sílé nígbà yẹn. Ta ló máa rí i?

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, kì í ṣe àfòpiná fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ewé. Ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá á fò wá lálẹ́, á bà sábẹ́ ewé, á yé ẹyin síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan síhìn-ín, ẹyọ kan sọ́hùn-ún. Ìyá kan ṣoṣo lè yé tó 260 kó tó kú. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ẹyin á pa, ìdin á jáde. Ìdin yẹn kì í dúró wo ọ̀tún wo òsì. Ó lu awọ ewé, ó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé tí à ń wò yìí, kò pẹlẹbẹ tó bá a ṣe rò. Ó ní awọ lókè, ó ní awọ nísàlẹ̀. Láàrin awọ méjèèjì ni ẹran ewé wà, tó tutù, tó lómi, tí igi ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù wò ó, tìmùtìmù tí a ki òwú sí nínú. Ìdin yìí já wọnú tìmùtìmù, ó ń jẹ òwú, kò sì ba aṣọ jẹ́. Bó ṣe ń jẹ ni ọ̀nà ń là níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni ọ̀nà ń fẹ̀ sí i, títí yóò fi di pápá funfun kan lára ewé. Ibi tó ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ. Ibi tó ń jẹ, ibẹ̀ náà ló ń ṣu sí. Àwọn ẹ̀gbin dúdú tí ẹ ń rí nínú ibi funfun yẹn, ìgbẹ́ rẹ̀ ni.

Kí ló ń wá níbẹ̀? Ààbò ni. Oòrùn ò lè gbẹ ẹ́. Òjò ò lè gbá a lọ. Ẹyẹ ń kọjá lókè, kò rí i. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ti eléyìí tún ju ara ẹ̀fọ́ lọ. Inú ewé ló wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àfòpiná kékeré là ń sọ, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń gbé láàrin awọ ewé méjì tó sì ń jẹ tòmátì wa. Inú ewé o. Kì í ṣe orí ewé.

Níbo ló ti wá? Àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní agbègbè kan náà tí tòmátì fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Peru ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Meyrick, tíṣà ilé-ìwé tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wo àwọn àfòpiná kéékèèké, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1917. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí ni Tuta absoluta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò kúrò lápá ibẹ̀. Ìgbà tó di 2006, wọ́n rí i ní Spain. Nígbà tó fi máa di 2008, ó ti dé Morocco, Algeria àti Tunisia. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹ́ kékeré yẹn nìkan kọ́ ló gbé e o. Inú apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló jókòó sí. Inú ọkọ̀ ló wọ̀. Ẹni tó ń kó ọjà kò mọ̀ pé òun gbé èrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rántí ọdún 2016? Ẹ rántí ìgbà tí tòmátì di ohun tí à ń wò lókèèrè lọ́jà? Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pàjáwìrì lórí tòmátì. Àwọn àgbẹ̀ Kaduna, Kano àti Katsina jí wọ oko, wọ́n bá ewé tó ti gbẹ, wọ́n bá èso tó ti lu. Ilé iṣẹ́ tòmátì Dangote tó wà ní Kadawa, ní Kano, tí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dáwọ́ dúró. Kò rí tòmátì rà. Níbí, ọ̀pọ̀ ló fi tàtàṣé àti tòmátì alágolo se ọbẹ̀ lásìkò yẹn. Àwọn èèyàn sọ nǹkan náà ní Ẹbólà tòmátì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn rárá. Kì í ran èèyàn. Ìdin àfòpiná ni, èyí tó bá ti jẹ ewé tán, tó kọjú sí èso.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ń jẹ èso pẹ̀lú. Ó ń lu ú lábẹ́ ibi tí èso ti so mọ́ igi, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ihò yẹn kéré bí kí ni. Ṣùgbọ́n omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìjẹrà á tẹ̀ lé e. Ó tún ń wọ inú ọwọ́ igi, kí òkè rẹ̀ máa rọ.

Ǹjẹ́ àwa tí a wà níhà ìwọ̀-oòrùn bọ́ níbẹ̀? A ò bọ́. Ó ti dé ìhà wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni inú rẹ̀ máa ń dùn jù. Òjò ńlá ń lù ú, ó ń dín in kù. Ẹ̀ẹ̀rùn ń gbè é.

Wàyí o, kí ni àgbẹ̀ máa ń ṣe tó bá rí ewé funfun? Ẹ sọ fún mi. Á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Á lọ fín oògùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ewé tún funfun. Á tún fín. Kò gbọ́. Á po oògùn méjì pọ̀. Á po mẹ́ta. Àgbẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí èyí ò lóǹkà, ohùn kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde: a fín in fín in, kò kú.

Báwo ló ṣe máa kú? Oògùn wà lórí ewé. Òun wà nínú ewé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí à ń rà kì í wọ inú awọ ewé. Orí awọ ló ń jókòó sí. Ìdin wà lábẹ́ awọ yẹn, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Àwọn tí oògùn bá sì kàn, tí wọn ò kú, àwọn ló ń bímọ. Irú ọmọ wo ni wọ́n ń bí? Ọmọ tí oògùn yẹn ò ràn. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí oṣù kan péré ni láti ẹyin dé àfòpiná, ìgbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ìran lè rọ́pò ìran ní ìgbà 10 tàbí 12 láàrin ọdún kan. Ní Chile, ní Brazil, àwọn àgbẹ̀ ti rí i ṣáájú wa: oògùn tó ń pa á lánàá, kò pa á mọ́.

Àwọn wo wá ni oògùn yẹn ń pa? Aláǹtakùn tó ń ṣọ́dẹ láàrin ewé. Èèrà tó ń gbé ọmọ àfòpiná nínú ilẹ̀. Agbọ́n kékeré tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Àwọn tó yẹ kó gbèjà wa ni à ń pa, ọ̀tá wa wà nínú ilé rẹ̀. Èyí dùn mí púpọ̀. Ó tún dùn mí nítorí ọbẹ̀. Àgbẹ̀ fín oògùn mẹ́ta tó pò pọ̀ lónìí, ó ká tòmátì lọ́la, ó gbé e lọ sọ́jà. Ta ló jẹ ẹ́? Ọmọ wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po oògùn pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike pé kẹ́ ẹ fi dúró kẹ́ ẹ tó kórè, ẹ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí à ń sọ nìyí: ìdin àfòpiná kan wà tó ń gbé inú ewé tòmátì, oògùn orí ewé kì í sì í bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú un, àfi kó mọ ìgbà tó ń jáde.

Ìgbà wo ló ń jáde? Ẹyin wà níta, lábẹ́ ewé. Ìdin tó bá ti dàgbà díẹ̀ máa ń fi ewé kan sílẹ̀ wọ òmíràn. Ó wà níta fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn. Tó bá jẹun yó tán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á fi òwú tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀, á wọ inú ilẹ̀, á ká ara rẹ̀ sínú àpò, kó fi di àfòpiná. Lẹ́yìn náà ló tó fò. Ibi tí ẹ ti lè bá a nìyẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé pọ́ǹpù, ẹ wo abẹ́ ewé. Ewé tí ẹ bá rí ibi funfun lára rẹ̀, ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Ẹ máa rí ìdin náà bó ṣe ń mira nínú rẹ̀. Ẹ já ewé yẹn. Ẹ má jù ú sílẹ̀ láàrin ebè o! Ìdin á jáde, á wọ inú ilẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ṣe á di òfo. Inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kẹ́ ẹ fi sínú oòrùn gbígbóná. Èso tó bá ti lu náà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ọmọdé lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é láti ìgbà tí tòmátì ti kéré, tó ń ṣe é léraléra, yóò rí ìyàtọ̀.

Tí ẹ bá kórè tán, ẹ má fi igi tòmátì sílẹ̀ lóko kó máa gbẹ. Ẹ hú u. Ẹ sun ún. Ẹ má sì gbin tòmátì tẹ̀ lé tòmátì. Ẹ má fi ìgbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú, ìbátan ni wọ́n, ìdin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdú àti ẹ̀gúnmọ̀ tó ń hù létí oko, ó ń fi wọ́n ṣe ilé nígbà tí kò bá sí tòmátì. Ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbin ẹ̀wà, ẹ gbin ewédú. Kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Dóńgóyárò náà ń ṣiṣẹ́. Òróró inú kóró rẹ̀ ń bà á lẹ́nu jẹ, kì í jẹ́ kó dàgbà bó ṣe yẹ.

Òórùn wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà. Abo àfòpiná yìí máa ń tú òórùn kan sílẹ̀ ní ìdájí láti fi pe akọ. Àwọn onímọ̀ ti mọ òórùn yẹn, wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbé e kọ́ sókè abọ́ omi tí wọ́n pò mọ́ ọṣẹ, akọ á fò wá, á kó sómi. Ó dára. Ó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ó ti dé oko kó tó pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín pé òun nìkan tó. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Belgium rí i pé abo tí kò tiẹ̀ rí akọ rárá lè yé ẹyin tó ń pa. Ẹ wá wo irú ẹ̀dá!

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀tá wa yìí kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé báyìí. Ìdílé àwọn tó ń gbé inú ewé pọ̀ káàkiri ayé, àwọn kan sì kéré débi pé tí wọ́n bá na ìyẹ́ méjèèjì, kò ju mìlímítà 3 lọ. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí èèyàn tó dáyé. Ipa ọ̀nà wọn wà lára ewé tó ti di òkúta. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, tí ẹ ń rí àwọn igi ńlá kan lójú ọ̀nà tí ewé wọn ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà ooru, kí ìgbà ìwọ́wé tó dé, irú wọn náà ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 2002 ló dé London.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti igi ápù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, ewé á pọ́n, á já bọ́. Oúnjẹ inú rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí ìdin kan bá wà nínú ewé yẹn, ẹ máa rí ibì kan tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, láàrin ewé tó ti kú. Ibi tí ìdin wà nìyẹn. Kí ló ń mú un tutù? Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ara ìdin náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lo oògùn tó pa àwọn àìfojúrí yẹn, ibi tútù pòórá. Ìdin kékeré ń gbé inú ewé, ohun tó tún kéré jù ú lọ ń gbé inú ìdin, àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ dá ewé tó ń kú lọ dúró. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọba òkè ṣe iṣẹ́!

Ẹ wo ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé yín náà. Lára ewé tuntun, ẹ máa rí ọ̀nà tó ń dán, tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó ní ìlà dúdú kan láàrin. Àfòpiná mìíràn ló ṣe ìyẹn, Éṣíà ni òun ti wá. Ó ń mú ewé ká. Ó lè dá ọsàn kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù dúró, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irúgbìn ọsàn, ẹ ṣọ́ ọ. Àmọ́ igi ọsàn tó ti dàgbà kò ní kú nítorí rẹ̀. Ẹ má fín oògùn sí i.

Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà? Ó wà, a sì ti rí irú rẹ̀ rí nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí kòkòrò funfun tó bo orí ẹ̀gẹ́ nígbà kan, tí ẹ̀gẹ́ ń ká kò, tí kò ta? Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ọmọ Switzerland kan, Hans Herren, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ níhìn-ín ní 1981. Agbọ́n yẹn yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ láti inú wá. Ó tàn káàkiri Áfíríkà. Gàrí tí à ń mu lónìí, agbọ́n yẹn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Herren gba ẹ̀bùn ńlá àgbáyé lórí oúnjẹ nítorí rẹ̀ ní 1995.

Irú iṣẹ́ yẹn ti ń lọ lórí tòmátì báyìí. Àjọ icipe, tó ń ṣe ìwádìí kòkòrò ní Kenya, ti kó agbọ́n kan wá láti Peru, ilé àfòpiná yìí gan-an, wọ́n sì ti ń tú u sóko. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Agbọ́n náà á bà lé ewé. Á wá ibi tí ìdin wà lábẹ́ awọ. Á na abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀, á gún awọ ewé já, á fi ẹyin sínú ìdin níbẹ̀. Ibi tí pọ́ǹpù wa ò dé, ó dé ibẹ̀. Mo ń fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. A ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, ní Èjìgbò. A ní OSSADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ mú ewé yín lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ má dúró de ìgbà tí oko bá ti gbẹ tán.

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa bi mí. Tòmátì tó lu, ṣé a lè jẹ ẹ́? Ẹ gé ibi tó ti bàjẹ́ sọ nù. Tí èyí tó kù bá le, tí kò rùn, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ sè é. Ìdin yẹn kò ní májèlé fún èèyàn. Tòmátì tó ń dán, tí kò ní àmì kankan, tí wọ́n ká ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fín in, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, ẹ bá mi wo abẹ́ ewé tòmátì yín. Ẹni tó bá rí ibi funfun tó ní ìgbẹ́ dúdú nínú, kó pè wá lórí ètò, kó sọ ìlú tí oko rẹ̀ wà àti ohun tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fẹ́ mọ ibi tó dé ní ilẹ̀ Èjìgbò, ká lè gbé e tọ àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ.